Ohùn Niukásù

Ìyá ọkọ mi kò pè mí lórúkọ rí láti ìgbà tí mo ti wọ ilé wọn ní Ìfọ́n. "Ará Ìlobù" ló ń pè mí, bí ẹni pé ìlú mi jìnnà tó Sókótó, bẹ́ẹ̀ ìlú tí mo lè fẹsẹ̀ rìn dé kí oòrùn tó mú ni. Mi ò bímọ, ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyẹn lójú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀, Adégbénró ọkọ mi, fi mí sílẹ̀ lọ kọ́ ìwé òfin ní Lọ́ńdọ̀nù fún ọdún mẹ́fà kó tó padà dé, ṣùgbọ́n èmi ni ìyá yìí ka ọdún mẹ́fà náà sí lọ́rùn. Ó ti wá búra báyìí pé bí Kérésì bá ti kọjá, àwọn á kó ẹrù mi padà sílé bàbá mi.

Kérésì ò ju ọ̀la lọ mọ́ nígbà tí Oyèdìran, àbúrò bàbá ọkọ mi tó ń ra kòkó, gbé tẹlifíṣọ̀n dé láti Ìbàdàn. Ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀ náà nìyẹn. Ó ra jẹnẹrétọ̀ tì í, ó ri ọ̀pá gíga kan mọ́ ẹ̀yìnkùlé, ó sì pe gbogbo wa. Àwòrán ń já bọ́ bí òjò, ṣùgbọ́n à ń gbọ́ ohùn ketekete. Eré òyìnbó kan ni: ọkùnrin kan ń bá ìyàwó rẹ̀ jà nínú ilé ìdáná.

"Ará Skọ́tíláǹdì nìyí," Oyèdìran wí. "Bí àlùfáà ìjọ wa àtijọ́ ṣe ń sọ̀rọ̀ gẹ́lẹ́ nìyẹn."

Adégbénró rẹ́rìn-ín ẹlẹ́yà. Ọkọ mi kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ òyìnbó kó má dá sí i.

"Ẹ má bínú, Bàbá, ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ará Niukásù ni, lókè àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí mo bá tilẹ̀ ń sùn, mo mọ ohùn yẹn."

"Ṣebí Lọ́ńdọ̀nù lẹ gbé?" Mo bi í.

"Ìwọ ará Ìlobù tí kò dé Ìbàdàn rí, ìwọ ló fẹ́ kọ́ mi ní ìlú òyìnbó?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mo gbé e mì.

Nínú eré náà, ọmọ ọwọ́ kan bú sẹ́kún. Ìyàwó yẹn gbé e, ó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, ọkọ mi ti ń bá a sọ ọ́, ohùn kan náà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Orúnkún rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ sódò, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lórí itan bí ẹni tó di ọmọ mú kó má ṣubú. Mo wò ó. Èmi tí mo wá láti Ìlobù, mo ti ń sọ̀rọ̀ bí ará Ìfọ́n, nítorí ìdí àdìrò wọn ni mò ń jókòó sí. Wọn kì í kọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì. Inú bí mi.

Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́. Ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ; èyí tí wọ́n bí lẹ́yìn tó wọlé nìkan ló lè pè bẹ́ẹ̀.

"Olówó orí mi, ẹ̀yìn mi ni wọ́n bí ọmọ náà. Ẹ sọ orúkọ rẹ̀ fún mi, kí n lè máa pè é."

Orúnkún rẹ̀ dúró. Kò bi mí pé ọmọ wo. Ilẹ̀ ló ń wò. Oyèdìran pa tẹlifíṣọ̀n.

Ìyá rẹ̀ dìde. Mo rò pé yóò gbá a létí, pé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yìí, yóò gbè mí. Ó kúnlẹ̀ tì mí, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Olúwa, o ṣeun! Ojú ti ará Ìlobù! Adégbénró, ọkùnrin ni àbí obìnrin?"