Bàbá Tí Kò Mọ Bí Wọ́n Ṣe Ń Ráhùn

Iṣẹ́ wa tẹ́lẹ̀ ni pé ká ṣírò ìgbà tó ṣeé ṣe kí èèyàn kú, kí ilé iṣẹ́ adójútòfò lè mọ iye tí yóò máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ará Hobart, olú ìlú erékùṣù Tasmania níbi tí a ń gbé, ń bọ̀wọ̀ fún wa nítorí rẹ̀, bí wọn kò tilẹ̀ fẹ́ jókòó tì wá níbi àsè. Ẹ̀rọ dé, ó gba ìṣirò lọ́wọ́ wa pátápátá. Ó wá ku ká máa buwọ́ lu ohun tó bá sọ, ká sì máa ṣàlàyé rẹ̀ fáráyé. Inú ṣì ń bí mi títí di òní.

Ẹ̀rọ yìí gbọ́ gbogbo ìpè tí àwọn oníbàárà ti pè wá láti ọdún gbọọrọ, ó ní àwọn tó ń ráhùn jù ló ń pẹ́ láyé jù. Ó ní ká dín owó àwọn aláròyé kù, ká fi kún ti àwọn tó ń dákẹ́. Leonie Pybus, ọ̀gá wa nídìí ìṣirò, yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé nọ́ńbà rẹ̀ péye, ó buwọ́ lù ú. Mo bi í bóyá ìráhùn ló ń mú wọn pẹ́, àbí ẹni tára rẹ̀ le ló ń ráyè ráhùn. Ó ní kí n lọ bá ẹ̀rọ jà.

Ìròyìn náà tàn, kò sì pẹ́ tí gbogbo Tasmania fi ń pè wá láti ráhùn. Obìnrin kan fẹjọ́ òjò sùn. Ọkùnrin kan ní òkè tó kọjú sí ilé òun ga jù, ẹ̀rọ sì dín owó rẹ̀ kù.

Àfi Merv, bàbá Leonie. Ó ti ń san owó adójútòfò ìsìnkú tipẹ́, kó má baà ni ẹnikẹ́ni lára lọ́jọ́ tó bá kú. Kò pè wá rí láyé rẹ̀. Owó rẹ̀ wá fò sókè kọjá agbára rẹ̀, bí kò bá sì ráhùn kí owó náà lè wálẹ̀ kí ọjọ́ Ẹtì tó parí, gbogbo ohun tó ti san wọgbó nìyẹn. Leonie bẹ ọ̀gá àgbà, ìyẹn na ìka sí ibi tí Leonie fúnra rẹ̀ buwọ́ lù.

Lọ́jọ́ Àìkú, a jọ lọ sílé bàbá náà. Òjò ń kán sínú ike kan nílẹ̀ ilé ìdáná. Leonie bi í pé orúnkún ńkọ́.

“Mi ò lè ráhùn,” ni Merv wí, bí gbogbo ọkùnrin ibí ti í wí, kódà bí iná bá ń jó wọn.

Leonie kọ́ ọ títí ó fi rẹ̀ wá. Nígbà tí bàbá wá pe ẹ̀rọ, ó kí i dáadáa, ó bi í bóyá iṣẹ́ kò pọ̀ jù fún un, ó sì dúpẹ́. Owó rẹ̀ tún lọ sókè.

Lọ́jọ́ Ẹtì, a wà ní ọ́fíìsì, à ń gbọ́ àwọn ìpè lórí kọ̀ǹpútà Leonie, ni ohùn Merv bá wọlé.

“Ẹjọ́ ọmọ mi ni mo fẹ́ fi sùn,” ó ní. “Ó wá lọ́jọ́ Àìkú, mo ti se ẹran àgùntàn dè é. Mo rò pé èmi ló wá wò, àṣé iṣẹ́ ló gbé wá. Ó béèrè orúnkún mi, kí n tó ronú, ó ti ń kọ́ mi ní ohun tí màá sọ. Ó ń dùn mí gan-an ni o. Kò tiẹ̀ dúró gbọ́.”

Ẹ̀rọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bi í bóyá kí ilé iṣẹ́ bá ọmọ náà sọ̀rọ̀.

“Rárá o, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.”

Bí ẹ̀rọ ṣe fagi lé ẹjọ́ náà nìyẹn. Ojú wa báyìí ni owó náà ṣe tún ń gòkè. Leonie já ìpè náà gbà, omijé ti lé ròrò sí i lójú.

“Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé e kalẹ̀. Leonie ni. Ẹ ṣáà máa bú mi lọ.”

Merv wúkọ́, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí Leonie wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò tíì dé orí ìgbéyàwó rẹ̀ nígbà tí àwa yòókù kó ẹrù wa, tí a rọra yọ́ lọ sílé.