Màmá Ń Bẹ Nínú Ilé Títà

Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí Oríọlá, bàbá àgbà Jíbọ́lá, kọ́ sí Oǹdó kì í ṣe ilé tí ènìyàn ń wò lẹ́ẹ̀kan kí ó ní òun fẹ́ ẹ. Páànù rẹ̀ ti dípẹtà, àtẹ̀gùn onípákó rẹ̀ ń ké bí ọmọ tí wọ́n fà létí, amọ̀ sì ń yọjú níbi tí sìmẹ́ńtì ti bó lára ògiri. Èyí tó wá ń pani lẹ́rìn-ín jù ni pé, nígbà tí ẹ̀rù gbájúẹ̀ ń ba ẹbí, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri iwájú pé ilé yìí kì í ṣe títà. Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ tà á, wọ́n kun ọ̀dà lé e, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń yọ lábẹ́ ọ̀dà. Ẹni àkọ́kọ́ tó wá wo ilé kà á, ó sì yí mọ́tò rẹ̀ padà.

Àmọ́ kì í ṣe ìyẹn ló ń jẹ Jíbọ́lá lọ́kàn. Tíṣà ni Jíbọ́lá, Isikan ní Àkúrẹ́ ló ń gbé, òun sì ni ẹbí ní kó bá àwọn ta ilé náà, nítorí kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀ mọ́. Pálọ̀ ìsàlẹ̀ ni wọ́n sin Màmá, ìyá bàbá rẹ̀, sí. Ọwọ́ Màmá ló dàgbà sí. Gbogbo ẹni tó bá sì ti gbọ́ pé sàárè wà ní pálọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ: "Ẹ kọ́kọ́ hú òkú yín kúrò ná." Ẹbí ti gbà pé bí ẹni tó kàn bá tún sọ bẹ́ẹ̀, àwọn á hú u, àwọn á gbé e lọ sí itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dun Jíbọ́lá wọra. Obìnrin tí kì í gbà kí ẹnikẹ́ni jí òun lójú oorun ọ̀sán, ṣé ṣọ́bìrì ni wọn yóò wá fi jí i?

Ni tíṣà wa bá dá ọgbọ́n. Nígbà tí Alhájà Hameedat, oníṣòwò àlùbọ́sà ní Àkúrẹ́, fi fóònù sọ pé òun ń bọ̀ wá wo ilé, Jíbọ́lá ra rọ́ọ̀gì tuntun, ó tẹ́ ẹ lé sàárè, ó gbé àga lé e. Ó ní bó bá yá, òun á sọ fún un. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń lé e bá. Ti Jíbọ́lá kò tilẹ̀ ríbi lọ rárá.

Alhájà dé, ó gun àtẹ̀gùn lọ sókè, ó fọwọ́ gbá ògiri, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀ dé pálọ̀, ó bọ́ bàtà.

"Ẹ jókòó, mà," ni Jíbọ́lá wí, ó nawọ́ sí àga.

"Lórí ta?" Alhájà gbé àga kúrò fúnra rẹ̀, ó ká rọ́ọ̀gì, ó sì kúnlẹ̀ síwájú sìmẹ́ńtì pẹlẹbẹ náà. "Ẹ kúulé o, Màmá. Àríkẹ́ yín ti dé."

Jíbọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má bínú. Mo fẹ́ sọ fún yín ni."

"Kí lo fẹ́ sọ fún mi? Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi ti wá, yàrá ẹ̀yìn yẹn ni wọ́n háyà, ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Mo ti lọ sílé ọkọ ní Àkúrẹ́ kí wọ́n tó gbé ọ wá sọ́dọ̀ Màmá. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin wọ́n, o ò dá mi mọ̀ láàárín èrò, àmọ́ èmi ni mo pọnmi tí wọ́n fi po sìmẹ́ńtì yìí." Ó rọra fọwọ́ pa á. "Oorun ìyá mi wúwo. Bí ààwẹ̀ bá dé, Màmá tí wọ́n jẹ́ onígbàgbọ́, àwọn ló ń kanlẹ̀kùn wa ní ìdájí pé ká dìde jẹ sààrì. Wọ́n ní ebi ò gbọdọ̀ pa Àríkẹ́ àwọn."

Ẹ̀rín pa Jíbọ́lá, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀. Síbẹ̀ ó ní láti bèèrè. "Ṣé ẹ ò ní ní ká hú wọn, mà?"

Alhájà wò ó tìyanu-tìyanu. "Àwọn ọmọ mi ti lọ sílé tiwọn tán. Ilé tó dára ju èyí lọ kún Àkúrẹ́ fọ́fọ́, ta ni mo mọ̀ nínú wọn? Bí o bá hú Màmá, gbé ilé rẹ, mi ò rà á mọ́."

Inú Jíbọ́lá dùn débi pé kò mọ ìgbà tó dọ̀bálẹ̀. Nígbà tó dìde, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù.

"Ẹ sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n má gbẹ́ ilẹ̀ kankan o," ni ó wí. "Ọmọ Màmá ti dé láti wá bá wọn gbélé."