Oníbodè Ní Kí Ó Pe Orúkọ Ọkọ Rẹ̀

Ẹ wá wo eré tí Dieudonné kọ, kí ẹ sì sọ fún mi bó bá yé yín, nítorí kò yé èmi o! Olùkọ́ Faransé ni Dieudonné, ọmọ dáadáa ni, àmọ́ ìwé ti pọ̀ jù lórí rẹ̀. Nínú eré tirẹ̀, kò sí ènìyàn kankan. Ìrántí ni gbogbo wọn. Wọ́n tò síwájú oníbodè kan, oníbodè sì ń bi wọ́n ní orúkọ ẹni tí wọ́n jẹ́ ìrántí rẹ̀. Ìrántí tó bá dá a lóhùn, ó kọjá. Èyí tí kò bá mọ orúkọ, oníbodè á fọn fèrè, ó di ohun ìgbàgbé nìyẹn.

Ràúfátù tó ń ta ọsàn l'Ígolò wà lára àwọn tó ń ṣe eré náà. Ọkọ rẹ̀ ti kú láti ọdún méjì, ojú ọkùnrin náà sì ti ń ṣú mọ́ ọn lọ́kàn. Lónìí á rántí irùngbọ̀n rẹ̀, lọ́la kò ní dá a lójú mọ́ bóyá ó ní irùngbọ̀n. Ẹ̀rù bà á. Ìdí nìyẹn tó fi gbà nígbà tí Dieudonné ní kí oníkálukú mú òkú tirẹ̀ wá sínú eré, kí wọ́n sì fi orúkọ pamọ́ di ọjọ́ náà gan-an. Ó fẹ́ pe ọkọ rẹ̀ lójú gbogbo ìlú Ìfọ̀nyìn, kó má baà pòórá.

"Ṣé èmi ni mò ń rántí ni, àbí èmi ni wọ́n ń rántí?" ló bi Dieudonné.

"Méjèèjì, Maman. Voilà! Ibẹ̀ gan-an ni eré wà."

Ràúfátù ní òun ti gbọ́. Irọ́ ni, kò gbọ́ nǹkan kan.

Ọjọ́ pé. Lẹ́yìn ìrun alásárì, èrò kún àgbàlá ilé àwọn ọ̀dọ́ fọ́fọ́, títí kan àwọn ará Daagbé. Moubarak télọ̀ ni oníbodè. Ó jókòó sẹ́yìn tábìlì, ó ń fọn fèrè bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ ọn. Ó kan Ràúfátù.

"Ìrántí ta ni ọ́?"

"Bàbá Fàúzíyàtù."

"Ìyẹn kì í ṣe orúkọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ti bí Fàúzíyàtù ni bàbá Fàúzíyàtù. Orúkọ rẹ̀ dà?"

Yéè! Ohun tí Ràúfátù kò rò tẹ́lẹ̀ nìyí. Ọdún mẹ́tàlélógún ló lò nílé ọkọ, kò fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ ọkùnrin náà rí. Ìyàwó tí wọ́n kọ́ nílé kì í pe ọkọ lórúkọ. Olówó-orí-mi ni kí wọ́n tó bímọ, Bàbá Fàúzíyàtù ni lẹ́yìn náà. Ó wá orúkọ lórí ahọ́n, kò bá a, nítorí kò fi síbẹ̀ rí. Àlàbí ni ìyá ọkọ ń pè é. Ní mọ́ṣáláṣí ńkọ́? Nínú ìwé ìjọba ńkọ́? Gbogbo rẹ̀ dàrú mọ́ ọn lójú.

Moubarak gbé fèrè sẹ́nu. Àwọn èrò pàtẹ́wọ́. "Obìnrin yìí mọ eré ṣe o!" Omijé ń bọ́ lójú ẹni ẹlẹ́ni, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà.

"Moubarak, jọ̀ọ́, má fọn ọ́n," ni Ràúfátù wí, ó di tábìlì mú. Ìyẹn kò sí nínú ìwé eré. Ó pa ojú dé, ó gbé ìtìjú tà, ó ké orúkọ mọ́ṣáláṣí rẹ̀ jáde látinú ikùn:

"Ìbráhímù!"

"Ẹ̀n?" ni bàbá arúgbó kan dáhùn lórí ẹní níwájú. "Hóò!" ni onízémì kan ké láti orí ọ̀kadà rẹ̀ lẹ́yìn ọgbà. Ọkùnrin kan dìde láàárín èrò tòun ti ẹ̀pà lẹ́nu: "Èmi nìyí, ta ló ń pè mí?"

Ẹ̀rín sọ. Dieudonné alára di ikùn mú.

Ràúfátù wo ẹni àkọ́kọ́, ó wo ẹnì kejì, ó wo ẹnì kẹta. Ó tún dúró, ó dẹ etí sílẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọkọ rẹ̀, ó ti ṣe àmín sí àìmọye àdúrà, ó ti ṣe opó tán, ó ti pín ẹ̀wù rẹ̀ fún àwọn àbúrò. Ṣùgbọ́n kò tíì pè é kó má jẹ́ ìpè.

"Kọjá, Ìyá," ni Moubarak wí. Ó ti gbàgbé láti pa ohùn dà bí oníbodè.

Ràúfátù kò kọjá.

"Gbogbo yín lẹ jẹ́," ló wí fún èrò. "Òun nìkan ni kò jẹ́."