Ohun Tó Gbówó Lé Ìbọn

Láti ìgbà tí àwọn ajínigbé ti wọ oko Agbamu la ti ń dáwó ìbọn jọ fún àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ wa. Oníṣòwò kan gbé ìbọn òyìnbó ẹlẹ́nu méjì wá, ó tẹ́ ẹ sórí ẹní níwájú àwọn àgbà, ó sì dá iye lé e. Gbogbo wa lanu.

Muaz, ọmọ wa tó ń gbé ní Párákú ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ló kọ́kọ́ fèsì. "Ìdajì iye yìí ni wọ́n ń ta irú ẹ̀ lọ́dọ̀ wa lọ́hùn-ún. Ṣé ibì kan náà kọ́ ni wọ́n ti ń kó o wá ni?"

Oníṣòwò ní, "Ibì kan náà ni. Mo sanwó ní bọ́dà, àwọn agbófinró tó wà lójú ọ̀nà náà sì gba tiwọn. Yàtọ̀ síyẹn, ẹran ìgbẹ́ nìkan ni àwọn tọ̀hún fi ń pa. Níbí, nítorí àwọn ajínigbé, gbogbo abúlé ló ń wá a. Ohun tí gbogbo èèyàn bá ń wá gbọ́dọ̀ wọ́n."

Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń ta gààrí. Ó ku díẹ̀ kí n fi bàtà gbá a lẹ́nu, ṣùgbọ́n Fulera ti dìde. Oko iṣu ni àwọn ajínigbé ti jí ọkọ rẹ̀ gbé. Òkú ẹ̀ la rí gbà padà.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, kí wọ́n tó pa ọkọ mi, ṣé iye tí ẹ ń tà á níbí nìyí?"

"Kò wọ́n tó báyìí nígbà náà, ìyá," ni oníṣòwò dáhùn.

"Ó dáa," ni Fulera wí. "Ẹ yọ owó tí ẹ fi ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi lé e kúrò níbẹ̀ ná, ká tó máa ná ìbọn yín."