Èéfín Igi Lásán Ni

Ní àfonífojì Huon, ní ìpẹ̀kun gúúsù ayé, kò sí ẹni tí í ṣàìsàn. Bí igi bá wó lu ọkùnrin níbẹ̀, tí wọ́n bi í bí ara ti rí, "Mi ò burú" ni yóò wí. Bí ikọ́ bá sì ń fà á láyà ya, yóò ní èéfín igi ni, nítorí gbogbo ilé ló ń dá iná igi nígbà òtútù, èéfín kò sì lẹ́nu tí yóò fi wí àwíjàre. Irọ́ ni, àmọ́ irọ́ tí gbogbo ìlú jọ fọwọ́ sí ni, kò sì sẹ́ni tó ń kà á sí ẹ̀ṣẹ̀.

Athol wà lára àwọn tó mọ̀ ọ́n pa jù. Àgbẹ̀ ápù ni, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọ kan ṣoṣo tó bí sì ni Ailsa. Olùkọ́ àwọn ọmọdé ni Ailsa títí àrùn MS fi mú un ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Nínú àrùn yìí, àwọn ọmọ-ogun tó yẹ kó máa ṣọ́ ara ló ń gbógun ti ara, wọ́n á máa bó èèpo tó bo iṣan inú ọpọlọ àti ti ọ̀pá ẹ̀yìn. Oògùn tí wọ́n ń fà sí Ailsa lára lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ló ń so àwọn ọmọ-ogun náà lọ́wọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá so ọdẹ tó ń ṣọ́ ilé rẹ̀ mọ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn sílẹ̀. Ọ̀fìnkìn tí ẹlòmíì ń nù nímú fún ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Ailsa fi ń gbé e. Á bọ́ sí etí, á sọ̀ kalẹ̀ sí àyà, kòkòrò inú ìtọ̀ náà á sì tẹ̀ lé e bí ẹni pé wọ́n jọ ṣàdéhùn. Bí ara rẹ̀ bá sì ti gbóná báyìí, ẹsẹ̀ ọ̀tún á dákẹ́, kò ní jẹ́ ìpè mọ́. Ohun tó jẹ́ kó fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Ọmọ mọ́kàndínlógún ló wà ní kíláàsì rẹ̀, imú mọ́kàndínlógún.

Ní oṣù keje ọdún tó kọjá, láàárín ìgbà òtútù tiwọn, Athol wá kí i lọ́jọ́ Àìkú bí ìṣe rẹ̀, ó sì ń wúkọ́. Ailsa bi í bóyá ọ̀fìnkìn ni.

"Èéfín igi lásán ni, ọmọ mi."

Ó fi kóòtù kọ́ sára ìṣó, ó jókòó ti iná, wọ́n jọ jẹ ẹran àgùntàn sísun, ó sì fọn imú sínú áńkáṣífù lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tó máa fi di Ọjọ́rú, Ailsa ò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọjọ́ mọ́kànlá ló lò ní ọsibítù. Ẹsẹ̀ ọ̀tún bá a padà sílé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò padà tán, ọ̀pá ló sì fi ń rìn láti ìgbà náà. Athol ò bẹ̀bẹ̀. Ó kó pákó wá, ó kan igi ìdìmú sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn ilé ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó fi sáńpépà ha á títí kò fi lè gún un lọ́wọ́, ó sì wakọ̀ lọ sílé. Bí wọ́n ṣe ń tọrọ àforíjì níbẹ̀ nìyẹn.

Ailsa ń dì í mú nígbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbàgbé. Ó ṣòfin. Ó kọ ọ́ sára páálí, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀kùn: ẹni tó bá ń wúkọ́, ojú fèrèsé ni kó ti kí òun.

Ní oṣù kẹta ọdún yìí, bí ìkórè ápù ti ń parí lọ, ikọ́ Athol tún bẹ̀rẹ̀. Kò bá òfin jà. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni yóò gbé ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ kékeré wá sábẹ́ fèrèsé, yóò fọn fèrè ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, Ailsa á ṣí fèrèsé díẹ̀, wọ́n á jọ fi ohùn òkè sọ̀rọ̀ nípa òjò àti àwọn ẹyẹ tó ń ba ápù jẹ́. Tí yóò bá lọ, á gbé báàgì ápù kan sórí àtẹ̀gùn. Ọjọ́ Àìkú kan ṣoṣo nínú oṣù karùn-ún ló bọ́ sílẹ̀, tó wá di igi ìdìmú yẹn mú.

"Ailsa, ikọ́ yìí kì í ṣe ọ̀fìnkìn o. Jẹ́ kí n wọlé."

"Kí ló wá jẹ́, Dádì?"

Ó wolẹ̀. Ká ní ó sọ pé dókítà ti ní kóun wá ya fọ́tò àyà ni, bóyá ìtàn yìí ì bá gba ibòmíì. Ṣùgbọ́n ohun tó ti mọ́ ọn lẹ́nu láti kékeré ló bọ́ jáde. "Èéfín igi ló máa jẹ́."

"Èéfín yẹn náà ló gba ẹsẹ̀ mi lọ́dún tó kọjá. Ẹ dákun, Dádì, ẹ padà sínú ọkọ̀."

"Ìwọ àti ìyá ẹ," ni Athol wí, ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Òun náà kì í jẹ́ kí wọ́n pa irọ́ kan fún un lẹ́ẹ̀mejì." Ó padà sínú ọkọ̀.

Kóòtù ńlá àti fìlà ni Ailsa ń rí láti ojú fèrèsé. Ohun tó kù nínú kóòtù náà ni kò rí. Ká ní ó jẹ́ kó wọlé lẹ́ẹ̀kan péré, kó bọ́ kóòtù kó fi kọ́ sára ìṣó bó ti máa ń ṣe, ì bá rí i bó ti rù tó, tí ṣẹ́ẹ̀tì fi ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lára rẹ̀. Nígbà tó yá, Ailsa ro èyí títí ó fi sú u, síbẹ̀ kò yéé rò ó.

Ìparí oṣù keje ni ọsibítù kan ní ìlú Hobart pe Ailsa. Athol ti ṣubú nínú àká ápù. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀fóró ni, ó sì ti mọ̀ láti oṣù karùn-ún. Gbogbo ọjọ́ Àìkú láti ìgbà náà tó fi jókòó sábẹ́ fèrèsé tó ń ní òun ò burú, ó mọ̀. Wọ́n ti fún un lóògùn, oògùn náà sì ti so àwọn ọmọ-ogun ara tirẹ̀ náà lọ́wọ́, kò sì lè sọ̀rọ̀ púpọ̀ nítorí ohun tí wọ́n fi bò ó nímú kó lè mí. Ailsa rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ ti àwọn ọmọ-ogun, lẹ́yìn náà ló sunkún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó jí, ọ̀nà ọ̀fun ń rìn ín, imú ń ṣomi. Ó mu tíì, ó sọ fún ara rẹ̀ pé iná àná ló rú èéfín. Ó wọ inú ọkọ̀ rẹ̀ tí wọ́n ti tún ṣe fún un, nínú èyí tó ti ń fi ọwọ́ tẹ ohun tí ẹlòmíì ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, ó sì wakọ̀ lọ sí Hobart. Ó ti ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ lẹ́nu. Ó fẹ́ sọ pé, Dádì, mo gbà yín gbọ́, ẹ má bínú.

Lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Sunita dá a dúró. "Ẹ má bínú mà. Ṣé ẹ ní ikọ́ tàbí ọ̀fìnkìn?"

Láti ibi tí Ailsa dúró, ó ń rí ìdí bẹ́ẹ̀dì kan àti ẹsẹ̀ kan nínú ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn aláwọ̀ eérú tó mọ̀ dáadáa. Kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ. Irọ́ náà ti wà lórí ahọ́n rẹ̀, ó ti rọ̀ dẹ̀dẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa mú un. Ìgbà náà ló tó yé e bó ṣe rọrùn tó fún bàbá rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, pé ọmọ ló wù ú láti rí. Àmọ́ òun mọ ohun tí ọjọ́ mọ́kànlá jẹ́.

"Ọ̀fìnkìn ni," ó wí.

Sunita dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní àwọn púpọ̀ kì í sọ òótọ́, ó ní kó padà wá tí ọ̀fìnkìn náà bá lọ tán. Ó bi í bóyá ó ní iṣẹ́ tó fẹ́ rán òun sí bàbá rẹ̀. Ailsa ò lè gba ẹnu àlejò tọrọ àforíjì, ó kàn ní kó sọ fún bàbá òun pé òun dé.

Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi tó gbé ọkọ̀ sí, lábẹ́ àwọn fèrèsé wọ́ọ̀dù náà. Kò mọ èyí tó jẹ́ ti bàbá rẹ̀. Ó fọn fèrè ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Kò pẹ́ tí fóònù dún. Sunita ni. "Bàbá gbọ́ yín. Wọ́n ní kí ẹ má fọn ọ́n mọ́, pé àwọn èèyàn ń sùn." Ó fi kún un pé, "Wọ́n tún ní kí n sọ fún yín pé ọ̀fìnkìn ni, lọ́dún tó kọjá. Wọ́n ní ohun tó túmọ̀ sí máa yé yín."

Ailsa la ẹnu láti fèsì, ikọ́ gbà á. Nígbà tí ikọ́ náà fi máa dá, wọ́n ti pe Sunita níbòmíì, fóònù sì ti kú.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn náà ni Athol kú. Ikọ́ Ailsa ò tíì lọ. Níbi ìsìnkú, ó dá dúró lẹ́yìn, ó jìnnà sí àwọn arúgbó, àwọn ará àdúgbò sì ń juwọ́ sí i láti òkèèrè, wọ́n ń bi í bí ara ti rí.

"Ara mi ò yá rárá," ni Ailsa ń dá wọn lóhùn. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí èèyàn ń fi fèsì irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.