Orin Tí Wọ́n Dá Dúró Nítorí Alága

Aago mẹ́ta ni wọ́n kọ sínú ìwé ìpè. Aago mẹ́rin kọjá, orin ò bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní alága ìjọba ìbílẹ̀ ò tíì dé. Inú ti ń bí Àkànkẹ́ láti ìgbà yẹn. Alága wo? Ṣé alága ló kọ orin ni? Bọ́lárìnwá ọkọ òun ló kọ ọ́! Òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọdún mẹ́fà gbáko ló fi kọ orin tí ogójì èèyàn fẹ́ fi fàólíìnì àti fèrè gbé jáde lónìí. Dókítà sì ti sọ ọ́ lọ́dún tó kọjá: etí òsì ti lọ, ọ̀tún ń lọ, kí ọdún yìí tó parí, kò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni yóò gbọ́ orin ara rẹ̀ láyé. Ìdí nìyẹn tí Àkànkẹ́ fi wọ kèké láti Rumuokoro wá sí òtẹ́ẹ̀lì yìí ní D-Line, tó sì bá wọn jà títí wọ́n fi fún àwọn méjèèjì ní àga iwájú.

Nígbà tó yá, Dagogo tó ń darí orin ní òun ò dúró de ẹnikẹ́ni mọ́. Ó gbé ọ̀pá sókè, orin bẹ̀rẹ̀. Háà! Orí Àkànkẹ́ wú. Àṣé ohun tí ọkọ òun ń kùn nínú bálùwẹ̀ nìyí! Bọ́lárìnwá tẹjú mọ́ ìwé orin tó wà lórí itan rẹ̀, ìka rẹ̀ ń lu orúnkún, tó, tó, tó.

Wọn ò tíì dé ìdajì tí ilẹ̀kùn fi ṣí gbàgà. Alága wọlé pẹ̀lú ọlọ́pàá mẹ́rin. Atọ́kùn ètò já máíkì gbà.

“Abeg, make una stop the music! Make everybody stand up for our chairman!”

Fàólíìnì dákẹ́, fèrè dákẹ́. Gbogbo èrò dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Àkànkẹ́ fò dìde, kì í ṣe fún alága. “Ẹ̀yin aláìnítìjú! Na my husband music be that! Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ní láti gbọ́ ọ, ẹ wá gé e sí méjì nítorí ẹni tó pẹ́ dé!”

“Mama, abeg, sit down,” atọ́kùn ètò ní.

“Mi ò jókòó! Màmá ta ni?” Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀ kí òun náà dá sí i.

Bọ́lárìnwá ò gbójú sókè. Ó ṣí ìwé sí ojú ewé tó kàn. Ìka rẹ̀ ṣì ń lu orúnkún, tó, tó, tó. Bẹ́ẹ̀ orin kankan ò dún.

Àkànkẹ́ tẹjú mọ́ ìka náà. Ó fọwọ́ gbá a léjìká. Ọkùnrin náà gbójú sókè, ó rí gbogbo èèyàn lórí ìdúró, ojú rẹ̀ wá dà bí ojú olè tí ọwọ́ tẹ̀.

“Bàbá Moṣọpẹ́, láti ìgbà wo?”

Ètè Àkànkẹ́ ló ń wò. “Láti Kérésì,” ó ní. “Inú ẹ ń dùn sí ọjọ́ òní jù. Mi ò fẹ́ bà á jẹ́.”

Ìbínú tó dé lọ́tẹ̀ yìí, ti alága ò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Oṣù mẹ́fà! Oṣù mẹ́fà tí òun ń rojọ́ sétí tí kò gbọ́, tó kàn ń mi orí! Díẹ̀ ló kù kó gbá a létí. Ó yíjú sí Dagogo, omijé ti bo ojú rẹ̀.

“Start am again! Láti ìbẹ̀rẹ̀! Èmi ni màá gbọ́ ọ!”

Alága fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ jókòó. Dagogo ṣí ìwé rẹ̀ padà. Àkànkẹ́ náà ṣí ti ọkọ rẹ̀ padà, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú pinpin, inú ṣì ń bí i burúkú. Bí fàólíìnì ṣe dún, ó já a léèékánná.

“Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀,” ó ní.

Ìka Bọ́lárìnwá tún bẹ̀rẹ̀ sí í lù, inú àtẹ́lẹwọ́ ìyàwó rẹ̀ ló ń lù ú sí.