Gọ́ọ̀mù Abẹ́ Nọ́ọ̀tù

Màmá mi jókòó sí iwájú ọkọ̀ Sàláwù, ọwọ́ wọn wà lórí itan, ohùn wọn sì wà nínú fèrè ọkọ̀. Kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún mi, mo ṣáà mọ̀ ni. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí a ti sin wọ́n. Ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n lò kẹ́yìn, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ dí wọn lọ́fun, ètè wọn ń mì, n kò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n ní kí n fi aṣọ fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà jáde. Ó rí mi lára, mo bọ́ síta. Ọ̀rọ̀ tí wọn kò rí sọ nígbà yẹn ni wọ́n padà wá parí.

Mo tẹ fèrè. Kò dún.

Ṣọ́ọ̀bù mi ni a wà, àmọ́ ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀ bí ahọ́n, ó sì tutù. Sàláwù tó ni ọkọ̀ jókòó lórí táyà, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ó ní ọkọ̀ òun kò ṣe báyìí rí kí n tó fọwọ́ kàn án. Ó bi mí kí ni mo ṣe sí i. Mo ní nọ́ọ̀tù tó de wáyà bátìrì mọ́ ara ọkọ̀ ń tú ṣáá, mo wá fi gọ́ọ̀mù tí àwọn mẹkáníìkì fi ń di nọ́ọ̀tù ẹ́ńjìnnì kùn ún. Ẹnì kankan kò kọ́ mi níṣẹ́ réwáyà, iṣẹ́ wáyà ọkọ̀. Ojú ni mo fi kọ́ ọ, ojú kì í sì í rí abẹ́ nọ́ọ̀tù, níbi tí gọ́ọ̀mù ti dí iná lọ́nà.

Sàláwù ju èèpo ẹ̀pà nù. "Ìyá réwáyà, ẹnu ìyá ẹ lo fi gọ́ọ̀mù dì yẹn o."

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Gọ́ọ̀mù náà ti pọ̀ sí i. Ó ń yọ lábẹ́ nọ́ọ̀tù bí ikun imú, àwọ̀ rẹ̀ dà bí aró, ó ki, irun wà nínú rẹ̀. Ó ń rùn bí ẹnu ẹni tó ti pẹ́ lórí àìsàn. Mo fi sípánà kàn án, sípánà bì sí mi lọ́wọ́. Nọ́ọ̀tù náà sọ̀rọ̀, kò pariwo.

"Irin ni mo fẹ́ kàn. Ìwọ lo fi kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sáàárín wa."

Màmá fi ìka kan imú wọn. Ó yé mi. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́, bí imú mi bá dí, ẹnu ni wọ́n fi ń fa ikun rẹ̀, wọ́n á tu ú sílẹ̀, wọ́n á tún fà á. Wọ́n máa ń sọ ọ́ láti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú ọkọ mi.

Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ẹnu bo nọ́ọ̀tù, mo fà. Gọ́ọ̀mù náà wọlé, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ń yọ̀ bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Mo fà á títí ahọ́n mi fi kan irin, tí iná sì ta mí.

Fèrè dún. Ohùn màmá mi ni.

"Àwẹ̀ró, tu ú dànù, kí n lè sọ̀rọ̀ fún ọ."

Ó ti kọjá sí ọ̀fun mi. Gọ́ọ̀mù yẹn kì í gan níbi tí afẹ́fẹ́ bá wà, ibi tó bá há tí afẹ́fẹ́ kò dé ló ti ń gan. Mo la ẹnu sílẹ̀ gbàgà kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, n kò jẹ́ pa á dé láti sọ̀rọ̀. Màmá bi mí bóyá mo ti tu ú. Wọ́n tún bi mí. Sàláwù ní kí n dá ìyá mi lóhùn jàre, wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ mi. Itọ́ aláwọ̀ aró ń kán láti ẹnu mi sórí bátìrì, ó so orí rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Agbára bátìrì ń lọ. Ohùn fèrè tín-ín-rín títí ó fi dà bí ti ẹ̀fọn, ó sì dákẹ́.

Ètè wọn ṣì ń mì.